Bẹ́ ẹ ṣe lè dá ẹni tó mọ̀ nípa jíìpù mọ̀, kẹ́ ẹ tó tẹ̀ lé ìmọ̀ràn ẹ̀ wọ igbó

Ẹ̀yin èèyàn wa l'Abuja, Kaduna, Jos, Minna àti gbogbo Òkè Ọya tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú eré jíìpù yìí, ẹ kú ìnáwó o. Tẹ́ ẹ bá ti ra Prado tàbí Hilux tàbí 4Runner báyìí, tẹ́ ẹ wá sọ lẹ́ẹ̀kan péré láàárín àwọn ọlọ́jíìpù lórí fóònù pé ẹ fẹ́ gbé e lọ sí Gurara tàbí Farin Ruwa, ìmọ̀ràn á ya bò yín láti ibi gbogbo. Ẹnì kan á ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ táyà, ẹlòmíì á ní kẹ́ ẹ yọ thermostat, ìyẹn ohun tó ń darí omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára, sọnù, ẹnì kẹta á ní kẹ́ ẹ gbé mọ́tò sókè, gbogbo wọn ló sì ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá. Àwọn kan nínú wọn mọ̀ ọ́n lóòótọ́, àwọn kan kàn gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì ni. Ìmọ̀ràn tí ò dáa nídìí nǹkan yìí lè ba ẹ́ńjìnnì olówó gọbọi jẹ́, ó sì lè pa èèyàn, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kẹ́ ẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣà wọ́n.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ yín kó tó dáhùn

Mo gbára lé èyí ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹni tó mọ̀ kì í sáré dáhùn. Ká ní ẹ kọ ọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọ̀gá mi, Prado mi ń gbóná, kí ni kí n ṣe?" Kò ní pẹ́ rárá tí ẹnì kan á fi ní kẹ́ ẹ yọ thermostat, ẹlòmíì á ní rádíétọ̀ ni, ẹlòmíì á ní top gasket, ìyẹn ohun tó dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara ẹ̀, ti lọ nìyẹn. Ẹ fi àwọn yẹn sílẹ̀ ná, kẹ́ ẹ wá ẹni tó kọ ọ́ pé: "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ló máa ń gbóná? Ṣé nínú go-slow ni àbí tẹ́ ẹ bá ń sáré? Ṣé ẹ máa ń tan AC? Tẹ́ ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀, ṣé omi ẹ̀ ń dín kù? Ẹ́ńjìnnì wo ló wà níbẹ̀, 2.7 àbí 4.0?" Ẹni yẹn gan-an lẹ̀ ń wá.

Ẹ wo iṣẹ́ tí ìbéèrè yẹn ń ṣe. Tí mọ́tò bá ń gbóná nínú go-slow Nyanya, tó sì ń tutù padà ní kété tẹ́ ẹ bá bọ́ sójú ọ̀nà tó já geere, á jẹ́ pé atẹ́gùn ni ò kọjá lára rádíétọ̀ dáadáa nígbà tí mọ́tò dúró, fáànù ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò, àti viscous coupling tó ń bá a yí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá ń gun òkè lọ sí Jos ni, tàbí tẹ́ ẹ bá ti wà lórí eré lọ́nà jíjìn, atẹ́gùn ti pọ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nǹkan míì ni, ó lè jẹ́ pé inú rádíétọ̀ ti dí nítorí omi kànga tí wọ́n ti ń bù sí i láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì lè jẹ́ wọ́tà pọ́ǹpù. Tí omi bá ń dín kù láìjẹ́ pé ẹ rí ibi tó ń jò, ìgbà yẹn la tó máa fura sí gasket. Ìdáhùn kúkúrú méjì péré látẹnu yín, ó ti lé ìdajì ohun tó lè fà á dànù. Ẹni tí ò béèrè nǹkan kan, ìméfò ló ń ṣe, bó ti wù kó dá ara ẹ̀ lójú tó.

Ọ̀rọ̀ yíyọ thermostat yìí ń ká mi lára gan-an torí ó ti wọ́pọ̀ jù. Wọ́n á ní ilẹ̀ wa ti gbóná, àwọn òyìnbó tó wà nínú òtútù ló nílò ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ Toyota, ìsàlẹ̀ thermostat yẹn ló ń dí ihò kan pa nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, kí gbogbo omi lè gba inú rádíétọ̀ kọjá. Tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́, ihò yẹn á wà ní ṣíṣí, apá kan nínú omi gbígbóná á kàn yípo padà sínú ẹ́ńjìnnì láì dé rádíétọ̀ rárá, mọ́tò tó ń gbóná tẹ́lẹ̀ á wá tún gbóná sí i lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fún un níṣẹ́ gidi. Láàárọ̀ ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó bó ṣe yẹ, kọ̀ǹpútà ẹ̀ á rí i pé ó ṣì tutù, á máa da epo sí i, ẹ ó máa pariwo pé mọ́tò ń mu epo. Ẹni tó bá lè ṣàlàyé èyí fún yín lọ́nà tó yé yín, ì báà jẹ́ ọmọ kékeré tó ń kọ́ṣẹ́ ní Apo Mechanic Village, ẹ fọkàn tán an ju ẹni tó ní Land Cruiser mẹ́ta tó kàn ń ní "ẹ yọ ọ́ jàre" lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wò ó bóyá ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ dé dúró

Ìmọ̀ràn tó bá ti ní "nígbà gbogbo" tàbí "jíìpù èyíkéyìí" nínú, ẹ rọra ṣe. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ táyà yẹ̀ wò. Ẹni tó ń wa jíìpù lórí yanrìn á ní kẹ́ ẹ dín afẹ́fẹ́ táyà kù sí bíi 15 sí 18 psi, òótọ́ ni, torí táyà á fẹjú, kò ní máa rì wọ inú yanrìn. Fún ilẹ̀ oníyanrìn apá àríwá Yobe lọ́hùn-ún, ó dáa gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n délẹ̀ á fi kún un pé ẹ má fi irú táyà bẹ́ẹ̀ sáré, ẹ má fi ṣẹ́ kọ́nà lójijì torí ó lè bọ́ kúrò lára rímù, kẹ́ ẹ sì rí i pé kọ̀ńpẹ́sọ̀ wà nínú mọ́tò tẹ́ ẹ máa fi pọ́ǹpù ẹ̀ padà kẹ́ ẹ tó gun títì, nítorí táyà rírọ̀ tó ń sáré lórí títì máa ń gbóná, ó sì máa ń bẹ́. Ẹni tó sọ 15 psi fún yín tó wá dákẹ́, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ, ìdajì tó kù ló wà fún ẹ̀mí yín.

Ilẹ̀ náà ńkọ́? Àwọn fídíò Dubai àti Australia dáa, èmi náà ń wò wọ́n, ṣùgbọ́n tiwa yàtọ̀. Ilẹ̀ pupa wa ní Kuje àti Bwari, tó bá gbẹ kò sí wàhálà, àmọ́ láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá tí òjò bá ti ń pa á, ojú ẹ̀ á máa yọ̀ bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ẹ̀ le, mọ́tò á kàn máa sún lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fúnra ẹ̀. Ilẹ̀ dúdú firki lọ́nà Borno tún yàtọ̀ sí ìyẹn, tó bá mu omi á wú, á lẹ̀ mọ́ táyà títí gbogbo eyín táyà á fi dí. Jos ní tiẹ̀, òkúta ni, ibẹ̀ ẹ̀gbẹ́ táyà lèèyàn ń ṣọ́ kí òkúta má là á. Ẹni tó mọ̀ á bi yín pé ibo lẹ̀ ń lọ, oṣù wo, ẹrù tó wà nínú mọ́tò ńkọ́, kó tó dá nọ́ńbà kankan fún yín.

Bákan náà ni fọ́ọ̀-wíìlì. Ọ̀pọ̀ Prado 120 àti 150 lè máa fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn lórí títì, torí diff kan, ìyẹn gíà tó ń pín agbára fún táyà, wà láàárín tó ń jẹ́ kí táyà iwájú àti tẹ̀yìn lè yí ní ìwọ̀n tó yàtọ̀ síra, bẹ́ ẹ ò bá ṣáà ti lọ́ọ̀kì ẹ̀. Ọ̀pọ̀ Hilux ò ní diff àárín yẹn. Tẹ́ ẹ bá fi 4H, ìyẹn fọ́ọ̀-wíìlì eré, sí i lórí títì gbígbẹ tẹ́ ẹ wá ń yí kọ́nà, ìrìn táyà iwájú àti tẹ̀yìn ò ní dọ́gba, wọ́n á máa fa ara wọn, ìnira yẹn á sì dúró sórí gíà àti àwọn ṣáàfù. Ó tún wà nílẹ̀ pé lára àwọn 4Runner tòkunbọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà wá, àwọn kan wà tí táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń tì wọ́n, ẹ ò sì ní mọ̀ tẹ́ ẹ bá ń wò ó láti ìta. Ẹni tó bá gbà yín nímọ̀ràn lórí bẹ́ ẹ ṣe máa fi 4Runner yín gun òkè Mpape láì kọ́kọ́ béèrè bóyá 4L, ìyẹn fọ́ọ̀-wíìlì tó ń rọra lọ ṣùgbọ́n tó lágbára, wà níbẹ̀, kò tíì mọ mọ́tò tó ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ohun tó bá ṣeé yẹ̀ wò nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ ò nílò láti jẹ́ mẹkáníìkì fún èyí. 4.0 V6 tó wà nínú Prado àti 4Runner, tí wọ́n ń pè ní 1GR-FE, timing chain ló ní. 4.7 V8 inú Land Cruiser 100, ìyẹn 2UZ-FE, timing belt ló ní, 90,000 máìlì ni wọ́n sì ní kí wọ́n máa pààrọ̀ ẹ̀ l'Amẹ́ríkà. Tí ẹnì kan bá wá ń sọ fún yín pé timing belt 4.0 yín ti tó pààrọ̀, ẹ rọra dágbére fún un. Toyota Amẹ́ríkà gbé ìwé àwọn mọ́tò tí wọ́n tà níbẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ tẹ orúkọ mọ́tò àti ọdún ẹ̀, ẹ wà á sórí fóònù, kẹ́ ẹ máa fi gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ fún yín wé e.

Táyà náà: ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára ẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Tí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹni tó ń fi ọwọ́ pa eyín táyà tòkunbọ̀ tó ń ní "tuntun lèyí" láì bẹ̀rẹ̀ wo nọ́ńbà yẹn, ẹ má gbọ́ tiẹ̀, torí rọ́bà máa ń gbó nínú oòrùn bí eyín ẹ̀ tiẹ̀ ga.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni táyà ńlá. Táyà tó bá ọ̀pọ̀ Prado wá ni 265/65R17, gíga ẹ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 776 mm. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi 285/70R17 sí i, ìyẹn sì jẹ́ nǹkan bíi 831 mm. Ẹ pín in, ẹ máa rí i pé ó fi bíi ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tí mítà yín bá sọ 100, nǹkan bíi 107 gan-an lẹ̀ ń sá, bíréèkì á ní iṣẹ́ púpọ̀ sí i, mọ́tò á wúwo láti gbéra, ó sì ṣeé ṣe kí táyà máa ha ara mọ́tò tẹ́ ẹ bá yí sítíà dé òpin. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má fi sí i o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ràn sí lẹ́nu lẹni tó sọ gbogbo ìyẹn fún yín kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ lọ wò ó nínú ẹrẹ̀

Ẹnu dùn-ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn-ún ṣán'ko. Ẹ bá wọn jáde lọ́jọ́ kan, kẹ́ ẹ pa mọ́tò tiyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kẹ́ ẹ kàn máa wòran. Fídíò tí ẹrẹ̀ ti ń fò sókè ò sọ nǹkan kan fún yín ju pé ẹnì kan tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ. Ẹ dúró de ìgbà tí mọ́tò kan bá há sínú fadama. Aláriwo á ti so okùn, á máa pariwo "fún un níná, fún un níná!" Ẹni tó mọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò bóyá diff tàbí chassis ti jókòó lórí ilẹ̀, á mú ṣọ́bìrì, á gbẹ́ iwájú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á dín afẹ́fẹ́ wọn kù, á fi pákó tàbí nǹkan tó le sábẹ́ wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà mọ́tò á jáde láì so okùn kankan. Èmi, ẹni tó bá kọ́kọ́ mú ṣọ́bìrì ni mo máa ń lọ dúró tì.

Tó bá wá di ọ̀rọ̀ okùn, ẹ wo ibi tó so ó mọ́. Tó bá so ó mọ́ tow ball, irin rìbìtì ẹ̀yìn mọ́tò tí wọ́n fi ń fa tìrélà kékeré yẹn, ẹ kúrò níbẹ̀ kíákíá, kẹ́ ẹ sì pe àwọn èèyàn yín kúrò. Wọn ò ṣe é fún fífa mọ́tò tó há. Ó máa ń kán, okùn tó ti nà á jù ú pẹ̀lú agbára, ó ti la gíláàsì mọ́tò kọjá pa èèyàn, ní Australia àti láwọn ibòmíì. Ẹni tó mọ̀ á wá ojú ibi tí wọ́n dìídì ṣe fún fífà, tí bóòtù ẹ̀ wọ inú chassis, kò ní lo ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń so mọ́tò mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun. Á yẹ shackle, irin tí wọ́n fi ń so okùn mọ́ mọ́tò, wò bóyá wọ́n kọ ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé sí i lára, 4.75 tọ́ọ̀nù ló wọ́pọ̀ fún irú jíìpù tiwa. Okùn tó ń nà ló máa fi já mọ́tò gbà, kò ní fi ṣéènì ṣe é láéláé, torí ṣéènì kì í nà, ohun tó bá rọ jù níbẹ̀ ló máa já. Á sì lé gbogbo èèyàn sẹ́yìn, títí kan àwọn ọmọ abúlé tó wá wòran, jìnnà ju gígùn okùn lọ, ẹnì kan ṣoṣo láá sì máa fọwọ́ júwe fún dírẹ́bà. Ẹ máa rí i pé ibi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà, ariwo kì í pọ̀.

Odò náà máa ń fi wọ́n hàn. Ẹni tó mọ̀ á kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn ín pẹ̀lú igi lọ́wọ́, tí omi bá lágbára tó lè gbé ẹsẹ̀ èèyàn, á ní ká padà, ojú ò ní tì í. Á mọ ibi tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti ń fa atẹ́gùn gan-an, á lè nawọ́ sí i. Tí mọ́tò bá wá kú sínú omi, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu ẹ̀ ni "ẹ má sítáàtì ẹ̀!" Omi ò ṣeé fún pọ̀ bí atẹ́gùn, tó bá wà nínú sílíńdà tẹ́ ẹ wá sítáàtì, conrod ló máa tẹ̀, ẹ́ńjìnnì lọ nìyẹn. Ẹ fà á jáde, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì, ẹ jẹ́ kí omi tú jáde ná. Ẹni tó ní "tún gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i" nígbà yẹn, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọ̀gá mẹkáníìkì kan wà l'Apo tí mo fọkàn tán, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í kọ nǹkan kan sórí fóònù. Tí mọ́tò bá ti odò dé, kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ pàápàá, á sùn sábẹ́ ẹ̀, á tú bóòtù diff ẹ̀yìn díẹ̀, á jẹ́ kí ọ́ìlì kán sórí ìka ẹ̀, á fi àtàǹpàkò pa á, á wá gbé e sínú oòrùn wò. Tó bá mọ́, á dè é padà. Tó bá ti funfun bíi mílíìkì, omi ti wọlé nìyẹn, gbogbo ọ́ìlì yẹn máa jáde lọ́jọ́ náà, á sì gòkè lọ wá breather diff yẹn, ìyẹn páìpù tí diff fi ń mí, bóyá ó ti dí tàbí ó ti já. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é. Irú ẹni tí kì í gbàgbé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbádùn nìyẹn, tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wo ibi tí owó ń gbà

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kéèyàn máa ta lift kit, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń gbé mọ́tò sókè, tàbí táyà, àwọn olùtajà kan tiẹ̀ wà tó mọ̀ ju gbogbo wa lọ. Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ wọ́n rọrùn, ẹ bi í pé, "Ọ̀gá, nínú gbogbo èyí, kí ni kí n má tíì rà?" Èyí tó jẹ́ olóòótọ́ á ní ẹ fi iná orí òrùlé sílẹ̀, ẹ fi snorkel, páìpù tó ń gbé ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn sókè, sílẹ̀ bí ẹ ò bá ní wọ odò, ẹ lọ fi owó yẹn ra táyà tó dáa, shackle, okùn, ṣọ́bìrì àti kọ̀ńpẹ́sọ̀. Èyí tó bá ní gbogbo ẹ̀ lẹ nílò, tí "price" ẹ̀ á sì pin lọ́la, ẹ fura. Ẹni tó bá sì ní òun á fún yín láṣọ, ti ọrùn ẹ̀ lẹ máa wò: ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ jíìpù òun fúnra ẹ̀. Bí rọ́bà CV, èyí tó bo oríkèé ṣáàfù táyà, ti ya, tí gíríìsì ti fọ́n káàkiri, tí kò sì tún un ṣe, kí ló fẹ́ sọ fún yín?

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wo ọ̀rọ̀ ẹ̀ àtijọ́

Ẹ padà lọ ka ohun tó ti sọ fáwọn ẹlòmíì lọ́dún tó kọjá. Ṣé ó máa ń sọ pé "mi ò mọ Nissan Patrol, ẹ bi lágbájá"? Tí wọ́n bá tọ́ ọ sọ́nà, ṣé ó gbà, àbí ó bínú? Ṣé ó máa ń padà wá béèrè pé "ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yẹn, ibo ló já sí?" Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ṣọ̀wọ́n, ó sì níyì lójú mi.

Ọ̀rọ̀ ààbò, láyé tá a wà yìí lápá ibí, ó wà lára ìmọ̀. Ẹni tó ń júwe ọ̀nà igbó fún yín lápá Kaduna tàbí Niger tí ò sọ bóyá ẹnì kan gba ibẹ̀ láìpẹ́ yìí, tí ò mẹ́nu kan kẹ́ ẹ kí mai anguwa, ìyẹn olórí àdúgbò, kẹ́ ẹ mú ọmọ ìlú dání, kẹ́ ẹ sọ ìgbà tẹ́ ẹ máa padà fún ẹni tó wà nílé, bó tilẹ̀ mọ jíìpù bí ẹni tó ṣe é, ẹ má tẹ̀ lé e.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ẹni méjì tẹ́ ẹ fọkàn tán ò fohùn ṣọ̀kan, ó máa ń ṣẹlẹ̀ dáadáa, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó ṣeé dá padà nínú ìmọ̀ràn méjèèjì. Ká ní táyà yín ń ha ara mọ́tò nínú kòtò, ẹnì kan ní kẹ́ ẹ gé páálí inú bọ́ńpà àti irin ẹ̀yìn ẹ̀, ẹnì kejì ní kẹ́ ẹ lọ ṣe alignment kẹ́ ẹ sún táyà síwájú díẹ̀ ná. Alignment lẹ máa kọ́kọ́ ṣe, ẹ wà á fún ọ̀sẹ̀ kan lójú ọ̀nà burúkú yẹn, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó ń ha. Tí ṣọ́ọ̀kì bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ dá irin tí wọ́n fẹ́ gé sí.